Òsúkè Tó Tú Àṣírí Màámi Irin

Òtítọ́ tí ènìyàn bá ti jókòó lé lórí láti ìgbà èwe, ọjọ́ tó bá fẹ́ dìde, kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó lé e. Ti Màámi Irin dìde ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí òsúkè ti ń gbé e láyà láti ọjọ́ Àìkú, tí kò jẹ́ kó jẹun, tí kò jẹ́ kó sùn, tó sì ti dá a lójú pé ikú ló ń kanlẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkóríta ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kò sí nǹkan kan, kó yé fi ìkánjú jẹun, kó sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Màámi Irin wo nọ́ọ̀sì náà tàánú-tàánú, bí ìgbà tí ó máa ń wo ọmọ tí kò mọ ìṣirò. Òsúkè ló pa bàbá tó bí i. Lóòótọ́, àìsàn mìíràn ló ti dá bàbá náà dùbúlẹ̀ tipẹ́, àmọ́ òsúkè ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn, òun sì ni Màámi Irin di ẹ̀bi náà rù.

Ó bá pe ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lórí fóònù. Iṣẹ́ ọmọ náà ni kó máa tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ó ní kó mú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ dání kó máa bọ̀, pé òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Onífíríìjì ní apá òun wà nínú fíríìjì oníbàárà títí dé èjìká, ṣé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà lè dúró di ìrọ̀lẹ́. Màámi Irin bi í bóyá ikú ti gbọ́ pé fíríìjì ẹnì kan bàjẹ́. Onífíríìjì bá yọ apá rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ni Màámi Irin kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fún un lórúkọ náà, nítorí wọn kò rí i kó ṣàìsàn rí, wọn kò rí i kó pẹ́ dé rí, wọn kò sì rí i kó jókòó nígbà tó bá ń bá ẹnikẹ́ni wí. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri ńlá kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan. Bí ọmọbìnrin kan bá di inú mú wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tó ní nǹkan oṣù ló ń dun òun, ìdáhùn Màámi Irin kì í yí padà: inú rírun kì í ṣe àìsàn, ọ̀lẹ ló ń wá ibi tó máa sá pamọ́ sí. Ó tún máa ń fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní nínú ìdílé tiwọn, oṣù kì í dun obìnrin. Bó ṣe ń dé ló ń lọ, bí àlejò tó mọ̀wà hù.

Nílé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta ènìyàn lára jù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ onígbàjámọ̀ tó sì mọ orí gé ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, ti ń jẹ̀rora láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù. Bí oṣù bá ti dé, á ká jọ sórí ibùsùn bí ìgbín, á máa bì, á máa làágùn, kò sì ní lè na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu tí Màámi Irin fi ń sọ pé ìdílé tàwọn mọ́ tónítóní náà ló fi ń sọ pé ọmọ kì í jogún ohun tí kò sí nílé bàbá rẹ̀, kí ìyá ọmọ lọ wo ilé tirẹ̀. Aránṣọ ni ìyá ọmọ náà, obìnrin tó fara balẹ̀. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, á kó píìnì sẹ́nu kó lè rí ìdí tí kò fi fèsì.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú òsúkè yìí ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ ń fá orí ọ̀gá báńkì kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fá apá ọ̀tún tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sí ti òsì, ni ìrora bá kì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ìfárí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì tẹ̀lé e lọ sílẹ̀. Ọ̀gá báńkì fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú ọkọ̀, tòun ti aṣọ ìfárí lọ́rùn, ó sì gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì rí ọkùnrin tó ní irun ní apá kan, tí apá kejì ń dán gbinrin, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣẹ́ fìrí-fìrí, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé lé ibùsùn.

Dókítà obìnrin tó tọ́jú onígbàjámọ̀ fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, ó béèrè ìbéèrè púpọ̀, ó sì pe gbogbo ẹbí jọ. Ó ní ó jọ pé ẹndomẹtiriósìsì ni. Orúkọ náà gùn débi pé onífíríìjì ní kó jọ̀ọ́ tún un pè. Dókítà ṣàlàyé pé ohun kan tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló ń hù síbi tí kò yẹ kó hù sí, lára ilé ẹyin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun. Bí oṣù bá dé, òun náà á wú, á ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní ọ̀nà tó máa gbà jáde, ìdí nìyẹn tí ìrora fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ó máa ń tẹ̀lé ìdílé. Ó wá bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ní irú ìrora bẹ́ẹ̀ rí nínú ẹbí. Aránṣọ ní òun kò mọ̀, ojú ti í. Màámi Irin tó jókòó sí ìparí àga nà ró bí ọ̀pá àsíá, ó ní, "Ní ọ̀dọ̀ tiwa, rárá." Dókítà ní kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n bi ara wọn léèrè dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti gba ibi tó yẹ kọjá lọ́fun Màámi Irin.

Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé yàrá rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti wọ aṣọ tó dára jù lọ, ó ti ti eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sẹ́nu, ó ti nà gbalaja sórí ibùsùn, ó sì ti tan fáànù kó má baà làágùn níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Onífíríìjì jókòó sí etí ibùsùn, sípánà ṣì ń yọjú lápò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù. Aránṣọ mú àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló dára láti jókòó sí nílé yẹn.

Màámi Irin ní kí wọ́n má sunkún. Kò sí ẹni tó ń sunkún. Ó ní òun fẹ́ kú, àmọ́ òun kò fẹ́ kú pẹ̀lú ẹrù, pé òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde kí ẹ̀mí tó jáde. Òsúkè gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ó sì ní láti tún un bẹ̀rẹ̀, èyí tó dín ọlá rẹ̀ kù díẹ̀.

"Irin tí ẹ ń pè mí yìí," ó ní, "irin tó ti dípẹtà látinú ni."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rántí pátákó kékeré tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì òun ní ilé-ìwé, èyí tí wọ́n kọ "Ìpàdé ń lọ lọ́wọ́" sí. Onífíríìjì rántí rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bó bá lọ wá ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́, pátákó yẹn ló máa ń dá a dúró síta. Màámi Irin ní kò sí ìpàdé kankan. Oṣooṣù, bí nǹkan oṣù òun bá dé, òun á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, òun á wọ abẹ́ tábìlì lọ, òun á dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, òun á sì ki áńkáṣíìfù bọ ẹnu kí igbe má baà jáde. Agbálẹ̀ ilé-ìwé nìkan ló mọ̀. Òun ló máa ń gbé omi gbígbóná wá nínú ìgò, tó máa ń fi aṣọ fèrèsé wé e. Obìnrin náà ti sọ fún un pé kó jẹ́ kí òun pe ọkọ rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Màámi Irin ní bó bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣàánú rẹ̀, òun ló fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n wo irú ènìyàn tí òun jẹ́.

Onífíríìjì fi ọwọ́ ha orí. Ó ní, "Nígbà tí ẹ máa ń sọ fún bàbá mi pé ìpàdé ló mú yín pẹ́, ta ni ẹ ń bá ṣe ìpàdé?"

"Sìmẹ́ńtì," ni ìyá rẹ̀ wí, òsúkè sì tẹ̀lé e bí àmì ìdánudúró.

Ó ní èyí tó burú níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan tí òun wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ó ń sunkún. Ó ní inú òun ń run òun, òun kò lè dìde dúró dáadáa, kí ọ̀gá jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun lọ sílé. Màámi Irin yọ áńkáṣíìfù lẹ́nu, ó mí kanlẹ̀, ó fi ohùn ọ̀gá sọ fún un láti abẹ́ tábìlì pé kó padà sí kíláàsì, inú rírun kì í ṣe àìsàn. Ó wá dá áńkáṣíìfù padà sẹ́nu. Ó gbọ́ tí ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ wọ́ lọ. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ohun kan náà ló sì tẹ̀ wọ́n ba.

Onígbàjámọ̀ gbójú sókè wo ìyá àgbà rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

Màámi Irin ní kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ irọ́ yìí. Ìyá tó bí òun ló kọ́ òun bí a ti ń ge aṣọ jẹ, nítorí òun náà ń jẹ̀rora. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, tó rẹwà ju òun lọ, kò mọ aṣọ ge jẹ. Ó ń ké síta. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ nílé ọkọ tí àwọn àna fi dá a padà pẹ̀lú àpótí rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ìyàwó tó ń dùbúlẹ̀ lóṣooṣù tí kò sì rí oyún gbé. Láti ọjọ́ tí àpótí yẹn ti wọlé ni Màámi Irin ti pinnu pé etí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ tòun. Bó ṣe fẹ́ ọkọ nìyẹn, tó sì bí ọmọ kan lẹ́yìn ìrora púpọ̀, tí òmíràn kò sì wá mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ kan tó yanjú sàn ju àgbájọ lọ.

Onífíríìjì ní, "Ẹ sọ fún mi pé mo tó yín ni ẹ ṣe dúró."

"Mo parọ́. Mo fẹ́ mẹ́rin."

Ibẹ̀ ni òsúkè dá. Màámi Irin dúró de èyí tó kàn, kò dé. Ó mí sínú, ó mí síta, àyà rẹ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ó hàn sí i gbangba pé òun kò ní kú, ẹ̀rù sì bà á ju ti ìgbà tó rò pé òun máa kú lọ. Nítorí kò tíì débi tó burú jù lọ. Òkú kì í tijú, alààyè ló ń tijú. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ tó sì kú ti bọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ tí kò kú, òun ló máa jí lọ́la, tó máa lọ kí àwọn tó jẹ́wọ́ fún. Ó wò ó pé bí òun bá dákẹ́ níbí, ó ti tó. Wọ́n ti ń ṣàánú òun. Ojú onígbàjámọ̀ ti rọ̀. Aránṣọ pàápàá ti sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀. Kí ló kù tí òun ń wá?

Ó bá ṣe òsúkè ayédèrú kan, kó lè ráyè ronú.

Onígbàjámọ̀ ní, "Màámi àgbà, ìyẹn kì í ṣe ti gidi."

Ó tún ṣe òmíràn. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó bojú wo aránṣọ, tó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí itan, tí òwú pupa kan lẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gbé eléyìí mì, kò ní gba ọ̀fun òun kọjá títí ayé. Ó dìde jókòó. Ó ní òsúkè ti lọ, òun kò kú mọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ kù.

Ó ní, "Dókítà Àgbà kò sí."

Wọ́n ní àwọn mọ̀, ó ti kú. Màámi Irin ní kò kú. Kò wà rí.

Ó yẹ kí a mọ ẹni tí Dókítà Àgbà jẹ́. Nígbà tí onígbàjámọ̀ wà ní ilé-ìwé girama tí ìrora rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ rí dókítà àwọn obìnrin. Ẹ̀rù ba Màámi Irin. Dókítà á béèrè ìran, ìran á sì bọ́ sí abẹ́ tábìlì. Ó ní kí aránṣọ má ṣe ìyọnu, òun mọ ògbólógbòó dókítà kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ òun àtijọ́, òun á bá wọn bi í. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú ìdáhùn wá: Dókítà Àgbà ní kò sí nǹkan kan, ọmọ náà máa dàgbà kúrò níbẹ̀. Aránṣọ gbà á gbọ́, nítorí ọ̀gá ilé-ìwé kì í parọ́. Láti ìgbà náà, bí ìrora bá ti le, Màámi Irin á lọ bá Dókítà Àgbà sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀, á sì jáde pẹ̀lú ìmọ̀ràn. Nígbà tó yá, dókítà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbáyé. Wọ́n gbé e ga níbi iṣẹ́. Ó rìnrìn àjò. Ó gbéyàwó, ìyàwó bí ìbejì. Aránṣọ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á rán ṣẹ́ẹ̀tì fún un, kí Màámi bá òun wo ìwọ̀n rẹ̀. Màámi Irin ní ó sanra díẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì kúrú. Ṣẹ́ẹ̀tì ń lọ, ìkíni ń bọ̀. Títí di ọjọ́ tí aránṣọ ní òun máa mú ọmọ náà lọ rí i fúnra òun. Lọ́jọ́ kejì ni ọkàn Dókítà Àgbà dúró lójijì. Aránṣọ sunkún ọkùnrin tí kò rí rí, ó sì wé gèlè dúdú.

Onífíríìjì ń fi ìka ṣírò nǹkan kan. Ó ní, "Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò níyàwó."

"Àwọn ìbejì tí mo ra fáànù fún, kí ooru má mú wọn?"

Màámi Irin gbójú sókè. Gbogbo wọn bá gbójú sókè wo fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára.

Ó ní ìyẹn ṣì kọ́ ló burú jù. Aránṣọ ti ta kìjí. Màámi Irin kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́, ó ń bá ẹsẹ̀ ibùsùn sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ kan wà tí aránṣọ béèrè pé ibo ni àìsàn yìí ti ń bọ̀. Òun ní Dókítà Àgbà sọ pé láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá nìkan ló ti ń wá, kò sí ọ̀nà mìíràn. Aránṣọ gbéra lọ bi ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó bí ọmọ mẹ́sàn-án tí kì í sùn lọ́sàn-án, ní kò sí nínú ìran àwọn. Aránṣọ ní irọ́ ni, pé ìyá òun ń fi nǹkan pamọ́, ọmọ òun ló sì ń jìyà rẹ̀. Wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi já. Láti ìgbà náà, aránṣọ kò tẹ ilé ìyá rẹ̀ mọ́.

Màámi Irin ní, "Ìyá rẹ kò parọ́. Èmi ni. Mo rí i tí ẹ̀ ń jà, mo sì dákẹ́, nítorí bí ẹ bá ń wo ara yín, ẹ ò ní wò mí."

Aránṣọ dìde. Ó ní níbo ni àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà wà. Màámi Irin na ọwọ́ sí abẹ́ ibùsùn. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó fa báàgì kan jáde, ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìka tẹ̀lé ojú rírán wọn. Ó ní, "Ọrùn yìí, mo tú u, mo tún un rán, mo tún tú u, kó má baà fún un lọ́rùn." Kò pariwo. Ó ká wọn padà dáadáa, bí aránṣọ ti máa ń ká aṣọ oníbàárà, ó sì ní òun ń lọ sọ́dọ̀ màmá òun. Ó jáde. Onífíríìjì wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì sáré tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀, sípánà ń lù ú nítan.

Ó wá ku onígbàjámọ̀ nìkan. Màámi Irin rò pé ó máa bú òun, ó sì gbà pé ó tọ́ sí òun. Ọmọ náà béèrè pé, "Ṣé ìrora náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí itan yín?"

"Ti ọ̀tún."

"Tèmi náà, ti ọ̀tún." Ó sún mọ́ ibùsùn. "Tó bá wá di pé kí ènìyàn lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?"

Màámi Irin di ojú. Ó ní bíi kí wọ́n máa fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Onígbàjámọ̀ ní bẹ́ẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ bí ẹni méjì tó pàdé lójú àjò tí wọ́n wá rí i pé àdúgbò kan náà ni wọ́n ti wá, tí wọ́n ń dárúkọ òpópónà fún ara wọn. Ẹ̀rín gbé wọn, ẹkún sì gbé wọn. Nígbà tó yá, onígbàjámọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń sọ pé kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀, òun rò pé orí òun ni kò pé. Gbólóhùn yẹn dun Màámi Irin ju ìbúni èyíkéyìí lọ.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà obìnrin náà. Màámi Irin sọ gbogbo rẹ̀: ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, abẹ́ tábìlì. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Onífíríìjì ní òun kò lóye ọ̀nà tí àìsàn obìnrin fi lè gba ọ̀dọ̀ òun kọjá, òun tí òun kò ní ilé ọmọ. Dókítà ní kì í ṣe àìsàn náà fúnra rẹ̀ ni ènìyàn ń jogún, ewu rẹ̀ ni. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan ni àwọn àbùdá kéékèèké wà, ọ̀kan nínú wọn kò lè dá nǹkan ṣe, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ wọn bá kóra jọ sára ẹnì kan, wọ́n lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Bàbá ń kó tirẹ̀ fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń kó tirẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní in, ewu tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, síbẹ̀ kì í ṣe dandan. Onífíríìjì ronú sí i. Ó ní òun wá dà bí ẹni tí wọ́n di ẹrù fún láti ilé ìyá rẹ̀, tó gbé e dé ilé ara rẹ̀ láìtú u wò. Dókítà ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Màámi Irin béèrè bóyá ẹ̀bi òun ni. Dókítà ní kò sí ẹni tó ń yan ohun tó máa jogún tàbí ohun tó máa fi sílẹ̀ fún ọmọ. Màámi Irin ní ìyẹn kọ́ ni òun ń béèrè. Bí òun bá ti sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ náà wà ní girama ńkọ́? Dókítà wò ó, kò parọ́ fún un. "À bá ti mọ̀ ṣáájú, Mà. À bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ṣáájú. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún onígbàjámọ̀, wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n sì yọ èyí tí wọ́n lè yọ. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó padà, pé ìtọ́jú ṣì ń bẹ níwájú, àmọ́ oṣù tó tẹ̀lé e, ọmọ náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ lórí ibùsùn. Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá báńkì ti ń dúró dè é lórí àga, ó dé fìlà. Ó ti ń dé fìlà náà níbi iṣẹ́ láti ọjọ́ yẹn, ó ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yẹ kó parí rẹ̀.

Ní ti ìyá aránṣọ, Màámi Irin lọ bá a nílé, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Obìnrin náà ní kó má wulẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, orúnkún àwọn méjèèjì kò gba irú rẹ̀ mọ́, bó bá kúnlẹ̀ ta ni yóò gbé e dìde. Ó ní òun ti rí ọmọ òun padà, ó ti tó òun. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kó lọ bẹ̀.

Màámi Irin bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó ń bẹ̀bẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń lọ. Aránṣọ á kí i bí ó ti tọ́ kí a kí ìyá ọkọ, á ní, "Mo ti gbọ́, Màámi. Ẹ ṣeun," á sì máa rán aṣọ lọ. Kò ní kó jókòó. Màámi Irin á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, títí ẹsẹ̀ á fi ro ó, á wá padà sílé. Onífíríìjì ní kí òun bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀. Màámi Irin ní kó fi ẹnu rẹ̀ sínú fíríìjì.

Lọ́jọ́ kan tó dúró bẹ́ẹ̀, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá wọn aṣọ ilé-ìwé. Aránṣọ ń wọn ẹ̀yìn ọmọ náà, píìnì lẹ́nu, ọmọ náà sì rọra ń tẹ̀ síwájú, ó fi apá di inú mú, òógùn sì ti bò ó lójú. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ọmọ náà ní kò sí nǹkan kan. Màámi Irin mọ ohùn yẹn. Ó ti sọ ọ́ láti abẹ́ tábìlì jálẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀.

Ó jáde láàárín àwọn aṣọ. Ó ní, "Ọmọ mi, wò mí dáadáa. Arúgbó tó ń parọ́ nìyí. Kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí títí tí mo fi jẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi jìyà, tí mo sì ba orúkọ ìyàwó ọmọ mi tó dára jẹ́. Bó bá ń dùn ọ́, sọ pé ó ń dùn ọ́. Bí ẹni tí o sọ fún kò bá gbọ́, sọ fún ẹlòmíràn. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ní ọ̀lẹ ni ọ́, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀." Ó yíjú sí ìyá ọmọ náà. "Ẹ̀yin náà, Mà, ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè, ẹ bi àwọn ìyá ọkọ yín. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má gbà. Àwa àgbà, a mọ irọ́ pa."

Ìyá ọmọ náà wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tórí rẹ̀ dàrú díẹ̀. Ọmọ náà ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Ó ń dùn mí, Màámi," ìyá rẹ̀ sì gbá a mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màámi Irin padà sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ náà. Aránṣọ yọ píìnì lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé aṣọ tó wà lórí àga kejì kúrò, ó fi ọwọ́ nù ún.

"Ẹ jókòó, Màámi," ó wí.